Bí Ètò Bá Yí Padà, Ta Ni Yóò San Gbèsè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́, mo sì rò pé ojú ewé tiwa yìí ló yẹ kí n gbé e sí kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òun nìyí: èwo ló tọ́ fún ọmọ ènìyàn, ṣé kó la ètò ayé rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó sì dúró tì í gbágbágbá, àbí kó máa wo bí ayé ṣe ń yí kó sì máa bá a yí?

Àwọn àgbà ò kúkú dákẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n ní ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Wọ́n ní bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì yìí á ní ẹjọ́ ti tán, ẹni tó ń yí ló gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò palẹ̀ mọ́ nílé, kí ló fẹ́ kó ròde? Nítorí náà, òwe nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí. Àfi ká wo ohun tí ojú wa rí, ká sì wo ohun tí ojú àwọn tó ṣáájú wa rí.

Kí wọ́n tó bí wa ni wọ́n ti la ètò sílẹ̀ fún wa. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 ló bí 6-3-3-4, ọdún 1982 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní girama kékeré, 3 ní girama àgbà, 4 ní yunifásítì. Ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún 16 ni. Ọmọ tó bá wọ ilé ìwé lọ́mọ ọdún 6 yẹ kó jáde lọ́mọ ọdún 22. Ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ tẹ̀ lé e, ilé tẹ̀ lé e, ọkọ tàbí aya, ó parí. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á lórí ìka nìyẹn. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń gbàdúrà ẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn, ìyẹn 4, òun ni kì í fẹ́ dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ní March 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, àrùn Kòrónà náà sì ti ilẹ̀kùn gbogbo ayé pa lásìkò kan náà. December 2020 ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù 9 lọ báyẹn. Ní 14 February 2022, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ó di 14 October kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù 8 gbáko. Ẹni tó wọlé ní 2019 tó ní òun fẹ́ jáde ní 2023, ẹ bi í bóyá ó jáde.

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ tún ní àlọ́ tirẹ̀. Ọdún 1990 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì tí a wá mọ̀ sí LAUTECH sílẹ̀. Ní 1991, wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo bá di ọmọ olóbìí méjì. Ta ló fi ìyẹn sínú ètò? Láàárín 2016 sí 2017, ọ̀rọ̀ owó mú kí ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn òbí méjèèjì sì ń wojú ara wọn. Ìgbà tó di 2020 ni Ọ̀yọ́ nìkan tó gbà á pátápátá. Ọmọ tó wà níbẹ̀ lásìkò yẹn ò dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, kò sì pín ìpínlẹ̀. Ó kàn fẹ́ jáde ni.

Ẹni tó bá mọ Under G á mọ bó ṣe máa ń rí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kó lọ. Àdúgbò náà á dá páropáro. Ìyá oní-ẹ̀wà á dín ìkòkò kù. Ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì á fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀. Ọlọ́kadà á máa sùn lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án gangan. Onílé tó ti fi owó ilé ọdún tó ń bọ̀ sínú ìṣirò ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á gbọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó pẹ́ kí n tó fòye gbé ohun tí èyí ń kọ́ wa. Ètò kì í dá dúró. Orí ètò ẹnìkan ni ẹlòmíràn ń kọ́ tirẹ̀ lé, bí ìgbà tí a bá to ìkòkò lérí ara wọn. Bí tìsàlẹ̀ bá mì, tòkè ò ní í bèèrè ẹni tó mì ín kó tó ṣubú.

Nígbà tí a bá padà dé, ohùn méjì la máa ń gbọ́ láàárín wa. Ohùn kìíní á ní: "Ṣebí mo wí fún yín! Ní Nàìjíríà yìí, kí ni wọ́n ń fi ètò ṣe? Ibi tí ayé bá gbé ẹ dé ni kó o ti na ọwọ́. Rí nǹkan kan tà, kọ́ iṣẹ́ kan, má fọkàn tẹ ìwé ẹnikẹ́ni." Ohùn kejì á ní: "Rárá o. Ètò ò ṣẹ̀, àwọn tó bà á jẹ́ ló ṣẹ̀. Bí mo bá fi ìwé sílẹ̀ nítorí wọn, wọ́n ti borí mi nìyẹn. Ọdún 4 ì báà di 7, màá gbà á." Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jàre, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Ìtàn ìlú méjì tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀ yìí, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ló jẹ́ kí n rí i pé ìbéèrè míì wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Ọ̀yọ́. Ìlú tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí yìí, ta ló ṣètò pé kó wà níbi tó wà? Kò sí. Ọ̀yọ́-Ilé ni ètò. Ibẹ̀ ni ààfin wà, ibẹ̀ ni oyè wà, ibẹ̀ ni egungun àwọn baba ńlá wà. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, ń gbé ní Àgọ́ Ọjà nígbà náà, ọ̀nà tó lé ní 100 kìlómítà sí gúúsù. Òun ni oyè kàn. Ó lè ní kí gbogbo èèyàn padà sí àríwá lọ tún ilé àwọn baba kọ́. Ó sì lè wo Àgọ́ tó wà yìí kó ní, "Ibí náà ni Ọ̀yọ́." Èyí kejì ló ṣe.

Kò dúró síbẹ̀. Ìbàdàn tó jẹ́ bùdó àwọn jagunjagun ló ní kó máa ṣọ́ àríwá àti ìlà-oòrùn, Ìjàyè ló ní kó máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn. Ó fi Olúyọ̀lé Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ní 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, ogun tó ń ṣàn bọ̀ láti àríwá sì dúró. Ẹ wo ohun tí Àtìbà yí àti ohun tí kò yí. Ó yí ibùdó, ó yí ẹni tó ń jagun fún un. Kò yí orúkọ, kò yí ohun tó ń ṣọ́, ìyẹn ni pé kí Ọ̀yọ́ má parẹ́ láyé. Ọ̀nà yí, ibi tí wọ́n ń lọ ò yí.

Bí mo bá dá a dúró síbẹ̀, oríyìn lásán ni mo kọ fún ọba. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù. Kí Àgọ́ tó lè tóbi tó olú ìlú, Àtìbà fi tipátipá kó àwọn ará ìlú kéékèèké tó yí i ká wá síbẹ̀. Ẹni tó ní oko ní ìlú tirẹ̀, tí sàréè bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kó dìde kó máa bọ̀. Òun náà ní ètò kí ètò ọba tó dé bá a. Ọba ló gbọ́n, àwọn wọ̀nyẹn ló san án.

Nígbà tí ọjọ́ alẹ́ Àtìbà dé, ó tún yí ohun kan. Àṣà Ọ̀yọ́ láyé ìgbà yẹn ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àwọn òpìtàn ṣàlàyé ìdí rẹ̀: Àrẹ̀mọ a máa bá bàbá rẹ̀ lo agbára, wọ́n sì fi òfin yẹn dè é kó má baà kánjú ikú bàbá. Àtìbà ní ó tó gẹ́ẹ́, Adélù ọmọ òun ò ní kú, òun ni yóò gorí oyè. Ìbàdàn gbà. Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù jọba. Kúrunmí ní Ìjàyè ní òun ò mọ ọba tó jẹ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá dórí ọ̀rọ̀ Kúrunmí ní kíláàsì, ṣe la máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní olóríkunkun ni, pé ta ni yóò máa jà pé kí wọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ? Mo bá wọn gbà pé òfin tó ń pa ọmọ nítorí ikú bàbá, kí ó lọ ló dáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú kíkọ̀ Kúrunmí tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: bí ẹni tó ń yí òfin bá jẹ́ ẹni tí ìyípadà náà máa gbè, báwo la ṣe fẹ́ mọ ọgbọ́n yàtọ̀ sí ìrẹ́jẹ? Ọ̀pọ̀ Àrẹ̀mọ ti kú kí ó tó kan ọmọ Àtìbà. Ìgbà tó kàn án ni àṣà di ohun tó yẹ ká tún rò.

Kúrunmí náà kì í sì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyípadà ló gbé e débi tó wà. Ìjàyè tó ń pàṣẹ lé lórí, ìlú àwọn Ẹ̀gbá ni kí ogun tó lé wọn, kí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tó dó síbẹ̀. Ó gba ìyípadà tó gbè é, ó kọ èyí tí kò gbè é, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń ṣe. Ogun bẹ́ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861. Ní March 1862, Ìjàyè fọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó yè níbẹ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta.

Ẹni tó fẹ́ràn ìyípadà á ní, "Ẹ ò rí i? Èyí tó yí ló yè, èyí tó dúró ló parun." Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ìjòyè méjì péré ló wà nínú ìtàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí obìnrin tó ń ta iṣu lọ́jà Ìjàyè. Kò sí níbi tí wọ́n ti yí òfin Àrẹ̀mọ. Kò sí níbi tí Kúrunmí ti kọ̀ ọ́. Wọn ò bi í léèrè nígbà ìyípadà, wọn ò bi í léèrè nígbà ìdúró, òun ni ilé rẹ̀ jó. Ibí ni mo ti rí ìbéèrè tó wà lábẹ́ ìbéèrè. Kì í ṣe "ṣé kí n dúró ni àbí kí n yí?" Òun ni: bí mo bá dúró, ta ló máa san án? Bí mo bá yí, ta ló máa san án? Ṣé ẹni náà gbọ́ sí i?

Ó dáa, ká sọdá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ogun Ìjàyè tó bẹ́, ní 1850, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Thomas Jefferson Bowen gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló rán an, ètò tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ sì ṣe kedere: Ìgbòho ni kó lọ. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ wà nínú ètò náà. Ọ̀kan kú ní Liberia, ọ̀kan dúró síbẹ̀. Bowen nìkan ló dé ilẹ̀ Yorùbá, ogun sì ti dí ọ̀nà Ìgbòho. Abẹ́òkúta ló há sí fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Dàhòmì kọlu ìlú náà ní March 1851.

Kí ló wá ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn? Èdè ló ń kọ́. Èdè tiwa yìí. Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, Ìjàyè ló fìdí kalẹ̀ sí ní 1853, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ló tẹ̀ ẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò sí nínú ètò ló wá di ojúkò àwọn Onítẹ̀bọmi: ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898 wà, ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ orúkọ Bowen wà dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ kọjá níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́, ètò tó yí padà lẹ ń wò yẹn.

Ìtàn yìí dùn, pàápàá fún àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Ọdún tó dà bí ìfàsẹ́yìn ló di ìwé. Mo ti gbọ́ ọ kí wọ́n fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wàásù fún wa pé, "Ẹ lo àkókò yín, ẹ má jókòó lásán." Ó dáa. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ìjọ kan wà lẹ́yìn Bowen ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ẹnìkan ń ṣètìlẹ́yìn fún lè fi ìdúró kọ́ èdè. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ta ilẹ̀ kí ó tó san owó ilé ìwé, tí owó ilé Under G ń jó lọ nígbà tí kíláàsì ò sí, ìdúró tirẹ̀ ní iye tó ń ná an lójúmọ́. Ìdí nìyí tí n kì í fi í fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹni tó "ṣe é" bú ẹni tí kò rí i ṣe.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo mọ̀ ní Under G, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà ìyanṣẹ́lódì 2022, ó lọ kọ́ aṣọ rírán. Ọwọ́ rẹ̀ ló dùn ni o, tàbí ojú rẹ̀ ló mọ́ ni o, mi ò mọ̀, àmọ́ kí oṣù 8 tó pé, ó ti ní oníbàárà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, òun ò wọlé mọ́. Ó fọkàn rò ó, ó ṣírò ẹ̀, ó rí i pé ọ̀nà tirẹ̀ ti yà. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ìyá tó gbọ́, ẹnu ará àdúgbò ló sì ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n pàdé, ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí n tó wí fún yín ni."

Ìyá ò pariwo. Ó ní: "Ọmọ mi, aṣọ tó ò ń rán ò dùn mí. Ṣé aṣọ rírán kì í ṣe iṣẹ́ ni? Èsúsú tí mò ń dá ló dùn mí. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń dá owó ilé ìwé sílẹ̀ fún ẹni tí ò sí nílé ìwé mọ́. Ò bá ti sọ fún mi, mà bá ti fi ra ẹ̀rọ fún ẹ."

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kò sọ pé kí ọmọ rẹ̀ má yí. Ohun tó ń wí ni pé òun ṣì ń da owó sórí ọ̀nà tí ọmọ ò gbà mọ́. Bí ó bá ti gbọ́ ní, òun náà ì bá yí ètò tirẹ̀, méjèèjì ì bá sì jọ jèrè. Àìsọ ló sọ ìyípadà tó dáa di gbèsè. Ẹni tó gbọ́n tó láti yí ọ̀nà, ó yẹ kó nígboyà tó láti yíjú padà pe àwọn tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pé, "Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn mọ́ o."

Bí ìlànà yìí bá tọ́ fún ọmọ tó ń ránṣọ, ó tọ́ fún àwọn tó jù ú lọ. Ó ti di àṣà kí àwọn àgbààgbà ìlú máa gbà wá nímọ̀ràn pé ká kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ká máa fara dà á, pé ayé ti yí. Lẹ́nu ìyá, ìmọ̀ràn ni. Lẹ́nu ẹni tó wà nídìí ohun tó ti ilé ìwé pa, àwáwí ni. Ṣe ló dà bí ẹni tó ya odò sínú oko rẹ tó wá ń yìn ọ́ pé o mọ odò wẹ̀. Mi ò ní kí ẹ̀bi jẹ́ ti apá kan. Àwọn olùkọ́ ní àdéhùn 2009 tí ìjọba bá wọn ṣe ni àwọn ń bèèrè, wọ́n sì san tiwọn náà: ní 2022, ìjọba dá owó oṣù wọn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó ní Àbújá, ọmọ ilé ìwé kan náà ni obìnrin oníṣu Ìjàyè. Òfin àgùnbánirọ̀ ò yí nítorí rẹ̀: bí ó bá ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ kí ó tó jáde, ìwé pé kò lè sìn mọ́ ni wọ́n máa fún un. Àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ náà ṣì ń kọ ọjọ́ orí sí ìkéde wọn. Wọ́n yí ìbẹ̀rẹ̀ ètò, wọn ò yí ìparí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí ètò ọlọ́mọ, kó yí i tán.

Mo fẹ́ kí n wá padà sọ́dọ̀ àwa fúnra wa kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí ẹni pé ará òde nìkan là ń bá wí. Ní ẹ̀ka tiwa, ìyẹn ẹ̀ka èdè Yorùbá, ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nígbà tí wọ́n ń ṣe JAMB. Ẹ ó gbọ́ òfin, ẹ ó gbọ́ ìròyìn, ẹ ó gbọ́ ìṣirò owó. Yorùbá ni wọ́n rí, òun ni wọ́n gbà. Bí a ò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀ bí orúkọ wa á tẹ̀ lé e, lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu àbúrò bàbá, lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ fẹ́: "Kí lo fẹ́ fi Yorùbá ṣe?"

Ìbéèrè yẹn gbà pé ọ̀nà kan ni iṣẹ́ ń gbà wá: ìwé kan, iṣẹ́ kan, ọ́fíìsì kan, ìfẹ̀yìntì. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi hàn wá. Mo rí àwọn kan nínú wa tó gba Yorùbá bí òòbẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ di ọdún kẹrin bí òòbẹ̀: wọn ò fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò fi í sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń dúró dè. Mo rí àwọn mìíràn tí èdè náà ti gbà lọ́kàn pátápátá, tí wọn ò rántí òfin mọ́. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló yí ètò padà. Ọ̀kan yí ẹsẹ̀ láìyí ọkàn. Ìyẹn náà ní ẹni tó ń san án: àwọn ọmọ tó máa jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá di olùkọ́ Yorùbá tí kò fẹ́ràn Yorùbá. Ẹ wo àwọn kíláàsì tí a ti jáde wá, ẹ ó mọ̀ pé mi ò parọ́.

Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má ṣètò. Ṣètò, kọ ọ́ sára ògiri, kí o sì mọ èyí tó jẹ́ ibi tí ò ń lọ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ọ̀nà lásán. Ìgbòho jẹ́ ọ̀nà. Ọdún 4 jẹ́ ọ̀nà. Orúkọ kóòsì tó wà lórí ìwé rẹ, bóyá ọ̀nà ni òun náà. Ohun tí ò ń ṣọ́ ńkọ́? Bí o kò bá lè dárúkọ rẹ̀, má tíì yí o, nítorí kì í ṣe ìyípadà ni, ìgbákiri ni. Bí o bá sì lè dárúkọ rẹ̀, má bẹ̀rù láti yí. Ka àwọn tó kọ́ ètò tiwọn lé tìrẹ: ìyá, ẹ̀gbọ́n tó ń san owó ilé, ẹni tí ẹ jọ gba yàrá, ẹni tó ń dúró dè ọ́ láti ṣègbéyàwó. Pè wọ́n. Fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa, kò sí àwáwí. Sọ fún wọn kí èsúsú oṣù yìí tó pé.

Bí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè tún nǹkan ṣe. Ìbínú ẹni tí a tètè sọ fún rọrùn ju ẹ̀rín ẹni tí a ń tàn lọ.